Ilẹ̀kùn Tó Ń Tì Lẹ́yìn Adájọ́

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ adájọ́ la fẹ́ jọ gbé yẹ̀wò lónìí, pàápàá adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé yín dé Àbújá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jókòó sí Ìbẹfun, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú níhìn-ín, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórí ẹbí kan. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń jà lórí ààlà oko bàbá wọn. Ẹ̀gbọ́n ní ibi igi ọ̀pẹ ni ààlà wà. Àbúrò ní ó kọjá ọ̀pẹ dé etí odò. Olórí ẹbí kò ní dá a lójú ẹsẹ̀. Yóò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rò, yóò jẹ́ kí àbúrò náà rò, yóò pe àgbà tó bá wọn lóko nígbà ayé bàbá wọn, nígbà mìíràn yóò tilẹ̀ ní kí gbogbo wọn jọ rìn dé oko lọ wo igi ọ̀pẹ ọ̀hún. Ó mọ̀ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ẹ bá ti rí bàbá yìí kedere, tó dákẹ́, tó tẹ́tí, tó ń wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ ti ní ìdajì ẹ̀kọ́ òní lọ́wọ́. Ṣé ẹ rí i?

Ó dáa. Ẹ wá wo ibi tí adájọ́ kóòtù ti yàtọ̀ sí bàbá yìí. Olórí ẹbí mọ ọmọ méjèèjì láti kékeré. Ó mọ èyí tó máa ń purọ́, ó mọ èyí tí ìyá rẹ̀ jìyà rí. Ìmọ̀ yẹn ń ràn án lọ́wọ́. Ní ti adájọ́, irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gbé wọ kóòtù. Ohun tí wọ́n bá sọ níwájú rẹ̀, tí wọ́n sì fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀, ni yóò fi dájọ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà bá jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀, yóò yọwọ́ yọsẹ̀ kúrò nínú ẹjọ́ náà ni, wọn yóò sì gbé e fún adájọ́ mìíràn. Nítorí náà, ọ̀nà ìgbẹ́jọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń gbà, ṣùgbọ́n adájọ́ ní láti jẹ́ àlejò sí ọ̀rọ̀ náà. Bí èyí bá ti yé yín, ẹ jẹ́ ká jáde kúrò nílé lọ sí kóòtù.

Kóòtù pọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ní Ìbẹfun tó ń ta gàrí ṣe àpẹẹrẹ. Gàrí Ìjẹ̀bú gidi, èyí tó kúnná, tó kan, tí ènìyàn ń mu pẹ̀lú omi tútù. Bí oníbàárà kan láti Èkó bá kó àpò gàrí láwìn tí kò sanwó, ìyá yìí lè gbé e lọ sí kóòtù májísíréètì, tàbí, bí owó náà bá pọ̀, sí ilé ẹjọ́ gíga ti Ìpínlẹ̀ Ògùn, tó ní ẹ̀ka ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ààlà ilẹ̀ bí èyí tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ti ìjọba ìpínlẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ká ní ìyá yìí ti ń di gàrí rẹ̀ sínú nílọ́ọ̀nù, ó ti fún un lórúkọ, ó ti ya àwòrán sí i lára, ó sì ti fi orúkọ àti àwòrán náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ìdánimọ̀ ọjà rẹ̀. Ẹnìkan wá tẹ nílọ́ọ̀nù tó jọ ọ́ bí ìbejì, ó ń ta gàrí tirẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹjọ́ yìí kò gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ mọ́. Ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ni yóò gbọ́ ọ, irú èyí tó wà ní Abẹ́òkúta. Gàrí kan náà, ìyá kan náà, kóòtù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ tún un kà bí ó bá rú yín lójú, torí orí ibí yìí ni gbogbo ìyókù dúró lé.

Kí ló fà á tí kóòtù fi pín sí méjì báyìí? Owó ló kọ́kọ́ fà á. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba àpapọ̀ rí i pé ẹjọ́ owó orí àwọn ilé-iṣẹ́ àti ẹjọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ń pẹ́ jù nínú àwọn kóòtù ìpínlẹ̀ tí iṣẹ́ ti kún lọ́wọ́. Ní ọdún 1973, wọ́n dá kóòtù ọ̀tọ̀ kan sílẹ̀ fún owó tó ń wọlé fún ìjọba. Federal Revenue Court ni wọ́n sọ ọ́, èyí tí àwa lè pè ní ilé ẹjọ́ owó ìjọba àpapọ̀. Adájọ́ Samuel Olalekan Adesanya ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1979 dé, ó yí orúkọ kóòtù náà padà sí èyí tó ń jẹ́ títí dòní. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, iṣẹ́ rẹ̀ gbòòrò. Ẹ ṣí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1999 sí abala 251, ẹ ó bá iṣẹ́ náà níbẹ̀: owó orí ilé-iṣẹ́, kọ́sítọ́ọ̀mù, báǹkì, ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti àmì ọjà, ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ òfúrufú, ìwé ìrìnnà, ohun ìjà, oògùn olóró, epo rọ̀bì àti ohun àlùmọ́ọ́nì, àti ẹjọ́ tí ará ìlú bá pe àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ má gbìyànjú láti há a sórí. Ẹ kàn bi ara yín pé: ta ló ni ọ̀rọ̀ yìí, ìjọba ìpínlẹ̀ ni àbí ìjọba àpapọ̀? Níbi púpọ̀, ìdáhùn yẹn yóò tọ́ yín sọ́nà. Mo ní níbi púpọ̀, torí aáwọ̀ láàárín báǹkì àti oníbàárà rẹ̀ wà tí òfin fi sílẹ̀ fún kóòtù méjèèjì. Ṣé a ṣì jọ ń lọ?

Mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín: ṣé adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ju adájọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ lọ ni? Rárá o. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ọ̀kan kò lè yí ìdájọ́ èkejì padà. Ẹni tó lè yẹ iṣẹ́ àwọn méjèèjì wò ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, lókè rẹ̀ sì ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, ibi tí ọ̀rọ̀ ń parí sí. Ọ̀rọ̀ tuntun kan wá nìyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi. Àwa Yorùbá ń sọ pé àkọ́bí, a ń sọ pé àkọ́so, fún ohun tó kọ́kọ́ dé. Adájọ́ tí ẹjọ́ kọ́kọ́ dé iwájú rẹ̀, tó rí ẹlẹ́rìí lójúkojú, tó wo nílọ́ọ̀nù gàrí náà lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní adájọ́ àkọ́gbọ́. Àwọn tó wà lókè kì í sábà rí ẹlẹ́rìí rárá. Ìwé tí adájọ́ àkọ́gbọ́ kọ ni wọ́n ń kà. Tó bá jẹ́ ìwé yẹn ló bàjẹ́, kò sí bí ojú wọn ṣe lè mú tó. Ẹ rántí orúkọ yìí, adájọ́ àkọ́gbọ́, torí òun ni a ó máa tẹ̀lé títí dé òpin.

Ẹ wá jẹ́ ká mú ọmọbìnrin ìyá onígàrí wa, ká fi ojú inú rán an lọ sí ọ̀nà náà. Yóò ka ìmọ̀ òfin ní yunifásítì fún ọdún márùn-ún. Kò tilẹ̀ ní láti lọ jìnnà, torí Yunifásítì Olabisi Onabanjo ń kọ́ ọ ní Àgọ́-Ìwòyè. Lẹ́yìn èyí ni yóò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ òfin ti orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1962, tí olú ilé rẹ̀ ti wà ní Bwari, lẹ́bàá Àbújá, láti ọdún 1997. Kí ilé-ẹ̀kọ́ yìí tó wà, òkè òkun ni àwọn bàbá wa ń lọ. Christopher Sapara Williams, ẹni tí a kà sí ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gbà á ní ọdún 1879. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ibẹ̀ náà ló lọ. Ní tiwa, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà amòfin ni yóò pe ọmọ ìyá onígàrí sí iṣẹ́, yóò sì fọwọ́ sí ìwé orúkọ ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di lọ́yà. Ó yé yín dé ìhín?

Ẹ ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu àwọn lọ́yà: Báà àti Bẹ́ǹṣì. Báà ni igi ìdábùú tó máa ń wà nínú kóòtù àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí lọ́yà ń dúró sí ẹ̀bá rẹ̀ rojọ́. Bẹ́ǹṣì ni àga gígùn tí adájọ́ jókòó lé. Ẹni tó wà ní Báà ń jà fún ẹnìkan. Ẹni tó wà lórí Bẹ́ǹṣì kì í jà fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ wa kò lè kúrò ní Báà gorí Bẹ́ǹṣì ti ilé ẹjọ́ gíga àfi bí ó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, ó kéré tán, tí òfin ti gbà á láàyè láti ṣiṣẹ́ lọ́yà. Abala 250 ló sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ọdún mẹ́wàá yẹn, ó lè máa ṣe lọ́yà ara rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó lè wà ní ilé-iṣẹ́ ìdájọ́ ìjọba, ó lè jẹ́ májísíréètì. Ní tèmi, ọdún mẹ́wàá kò pọ̀ jù. Ẹni tí kò tíì pàdánù ẹjọ́ rí, tí kò tíì rí oníbàárà tó sunkún lẹ́yìn ìdájọ́, kò tíì mọ bí ìdájọ́ ṣe ń wúwo tó.

Lọ́jọ́ tí ọdún náà bá pé, ta ni yóò yàn án? Ẹ fara balẹ̀ níbí, ọwọ́ mẹ́ta ló ń kọjá. Ìgbìmọ̀ kan wà tó ń rí sí iṣẹ́ adájọ́ ìjọba àpapọ̀. Òun ló ń yẹ orúkọ wò, tó ń gba ìgbìmọ̀ àgbà nímọ̀ràn. Ìgbìmọ̀ àgbà yìí ni NJC, ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ adájọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọn yóò wádìí rẹ̀, wọn yóò wo àwọn ẹjọ́ tó ti rò, wọn yóò fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò dábàá orúkọ rẹ̀ fún ààrẹ, ààrẹ yóò sì yàn án. Àwọn kan á ní, “Ilé aṣòfin àgbà ńkọ́?” Fún adájọ́ lásán nínú kóòtù yìí, kò kàn wọ́n. Olórí kóòtù náà nìkan ni ilé aṣòfin àgbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Ẹ má sì da olórí kóòtù yìí pọ̀ mọ́ Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ni ìyẹn jókòó sí, òun náà ló sì ń ṣe alága NJC. Obìnrin àkọ́kọ́ tó darí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ni Adájọ́ Rose Ukeje, ní ọdún 2001, nítorí náà ọmọ ìyá onígàrí kò lálàá tí kò lẹ́sẹ̀. Ṣé ẹ lè ka ọwọ́ mẹ́ta náà fún mi?

Ọmọ wa kéde ohun ìní rẹ̀, ó búra, ó jókòó. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ ìró ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Òfin ilẹ̀, ní abala 292, sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe adájọ́ rí, ohun yòówù kó mú un kúrò níbẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró ṣe lọ́yà níwájú kóòtù kankan ní Nàìjíríà mọ́. Ẹ gbọ́ dáadáa: kì í ṣe ìgbà tó wà lórí Bẹ́ǹṣì nìkan, títí ayé rẹ̀ ni. Bí ó bá ṣe ọdún méjì tí ó ní iṣẹ́ náà sú òun, kò lè padà sí Báà. Dókítà lè ṣe ọ̀gá ilé ìwòsàn kó tún padà máa tọ́jú aláìsàn. Olùkọ́ lè ṣe kọmíṣánnà kó padà sí kíláàsì. Adájọ́ kò ní irú ọ̀nà àbọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi gbà pé òfin náà dára, torí bí adájọ́ bá mọ̀ pé lọ́la òun lè tún máa wá oníbàárà, ojú rẹ̀ yóò máa wo ọwọ́ àwọn olówó tó ń rojọ́ níwájú rẹ̀ lónìí. Ẹ fi ilẹ̀kùn kìíní yìí sọ́kàn, òmíràn ń bọ̀.

Ẹ wá bá mi wọ kóòtù rẹ̀. Mo ti jókòó sí ẹ̀yìn kóòtù lọ́pọ̀ ìgbà kí n lè rí ohun tí mo ń kọ́ àwọn ènìyàn, ohun tó sì kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bí ó ṣe dákẹ́ tó. Adájọ́ ń kọ̀wé ni. Ní ọ̀pọ̀ kóòtù wa, bírò ni adájọ́ àkọ́gbọ́ fi ń kọ gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ sínú ìwé ńlá kan, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn. Ìdí nìyí tí lọ́yà fi máa ń sọ fún ẹlẹ́rìí pé kó máa wo bírò adájọ́: bí bírò bá dúró, kó máa sọ̀rọ̀ lọ, bí bírò bá ń lọ, kó dákẹ́ díẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọwọ́ tó ń kọ̀wé láti àárọ̀ di ọ̀sán, ọjọ́ kan tẹ̀lé ọjọ́ kan, fún ogún ọdún. Bí ẹ bá ti ń rò pé fìlà funfun tí wọ́n ń dé sórí ni iṣẹ́ adájọ́, ẹ jẹ́ kí bírò rọ́pò rẹ̀ lọ́kàn yín. Ẹ ti rí ọwọ́ náà?

Ọwọ́ rẹ̀ nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ká ní ẹjọ́ nílọ́ọ̀nù gàrí ló wà níwájú adájọ́ kan. Olùjẹ́jọ́ ní òun ti ń lo àwòrán yẹn kí ìyá náà tó bẹ̀rẹ̀ òwò, ó sì mú ẹni tó ń tẹ nílọ́ọ̀nù wá láti jẹ́rìí gbè é. Lọ́yà olùjẹ́jọ́ bi í léèrè, ó dáhùn gbọnrangandan. Lẹ́yìn náà ni lọ́yà ìyá onígàrí dìde láti bi í ní ìbéèrè àtakò, ìyẹn ìbéèrè tí a fi ń dán ẹ̀rí wò bí ẹni ń dán ìkòkò wò bóyá ó ti sán. “Ọdún wo lẹ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín?” Òǹtẹ̀wé dákẹ́. Ó nu ojú. Ó dárúkọ ọdún kan. Ọdún tó dárúkọ ti wà lẹ́yìn ọdún tó ní òun tẹ nílọ́ọ̀nù náà! Adájọ́ kọ ọdún náà sílẹ̀, ó sì ti rí òógùn ojú rẹ̀. Òógùn yẹn kò sí nínú ìwé tí àwọn adájọ́ òkè yóò kà. Ìdí nìyí tí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kì í fi í yára yí èrò adájọ́ àkọ́gbọ́ padà lórí ẹni tó purọ́ àti ẹni tó sọ òótọ́. Òun ló wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, kò sí àwọn ará ìlú méjìlá tó ń bá adájọ́ jókòó láti sọ pé ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, bí wọ́n ti ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Òun nìkan ni yóò mọ òótọ́, òun nìkan náà ni yóò sọ ohun tí òfin wí. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ wo ojú olórí ẹbí dáadáa níbẹ̀rẹ̀?

Báwo ni yóò ṣe wọ̀n ọ́n? Nínú ẹjọ́ láàárín ẹni méjì bí èyí, òṣùwọ̀n ni: ẹ̀rí tó bá tẹ̀wọ̀n jù ló borí, ì báà jẹ́ díẹ̀ ló fi jù. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, bí ti ẹni tí wọ́n bá oògùn olóró lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn débi tí iyèméjì tó nídìí kò fi ní kù. Bí iyèméjì bẹ́ẹ̀ bá kù, olùjẹ́jọ́ ló ni ín. Òṣùwọ̀n méjì, adájọ́ kan. Láàárọ̀ ó ń lo èyí, lọ́sàn-án ó ń lo tọ̀hún. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dàrú mọ́ yín lọ́wọ́.

Gbogbo ènìyàn ló ń ráhùn pé ẹjọ́ ń pẹ́, wọn ò sì parọ́. Òfin ti gbìyànjú. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 sọ pé ọjọ́ dé ọjọ́ ni kí wọ́n máa gbọ́ ọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ sún ẹjọ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ, àlàfo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlá lọ. Bí àwọn lọ́yà bá ti sọ ọ̀rọ̀ àsọkágbá wọn, òfin ilẹ̀ fún adájọ́ ní 90 ọjọ́ láti kọ ìdájọ́ kó sì kà á, kí àwọn tó ń ṣẹjọ́ sì gba ẹ̀dà rẹ̀ láàárín ọjọ́ méje. Ẹ ó bi mí pé, bí 90 ọjọ́ bá kọjá ńkọ́? Ìdájọ́ náà kò bàjẹ́ fún ìdí yẹn nìkan, àyàfi bí ìdádúró náà bá ti fa àìṣòdodo fún ẹni tó ń ráhùn. Ṣùgbọ́n a ó fi tó alága NJC létí, ìgbìmọ̀ náà sì lè bá adájọ́ wí.

Bí ó bá ti kà á tán, ilẹ̀kùn kejì tì. Kò lè pe ìyá onígàrí padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pé òun ti tún un rò. Àṣìṣe bíi ti orúkọ tí a kọ òdì ló lè tún ṣe. Ìyókù, kí ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn gbé e lọ sókè. Nínú ẹjọ́ bíi ti ìyá yìí, oṣù mẹ́ta ló ní bí ó bá jẹ́ ìdájọ́ àṣekágbá. Ní ti olórí ẹbí, ó lè pe àwọn ọmọ padà lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Adájọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì nìyẹn. Ṣé kí n máa lọ?

Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ kò gba àkókò púpọ̀. Adájọ́ gíga ti Ìpínlẹ̀ Ògùn mọ̀ pé Ìpínlẹ̀ Ògùn lòun yóò wà. Ti ìjọba àpapọ̀ lè wà ní Abẹ́òkúta lọ́dún yìí kí olórí kóòtù gbé e lọ sí Ṣókótó tàbí Calabar lọ́dún tó ń bọ̀. Ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè máà lè bá a lọ. Àwọn ọmọ ń yí ilé-ẹ̀kọ́ padà. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìlú rẹ̀ gidigidi, kó rò ó dáadáa kó tó fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìgbéga, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn kẹta wà, òun ló sì le jù láti lóye. Adájọ́ àkọ́gbọ́ lè gòkè lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Adolphus Karibi-Whyte bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹjọ́ owó ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ọdún 1970; ó gba ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kọjá, ó dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ọdún 1984. Ní ọdún 1993, wọ́n yàn án sí kóòtù àgbáyé tó gbọ́ ẹjọ́ ogun Yugoslavia ní The Hague, níbi tó tún ti di adájọ́ àkọ́gbọ́, tó ń gbọ́ ẹ̀rí àwọn tí wọ́n fìyà jẹ ní àgọ́ Čelebići. Ọ̀nà tó lọ láti ẹjọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù dé ibẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni: kó tẹ́tí, kó kọ ọ́, kó wọ̀n ọ́n. Ó dára láti gòkè. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹjọ́ tí ẹni tó gòkè fi sílẹ̀ láàárín?

Ẹ fara balẹ̀ tẹ̀lé mi. Òfin ọdún 2015 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan gbà kí adájọ́ tí wọ́n bá gbé lọ sókè padà wá parí ẹjọ́ ọ̀daràn tó ti gbọ́ dé ààrin. Adájọ́ Mohammed Idris ti ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó gòkè nígbà tó ń gbọ́ ẹjọ́ tí ìjọba pe Orji Uzor Kalu, gómìnà Ábíá tẹ́lẹ̀, àti Ude Jones Udeogu, lórí ẹ̀sùn tó ti wà láti ọdún 2007. Ó padà wá, ó parí rẹ̀, ó sì dá wọn lẹ́bi ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Udeogu gbé ọ̀rọ̀ náà dé òkè pátápátá. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé lọ́jọ́ tí adájọ́ ti búra sókè, kì í ṣe adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga mọ́. Òfin tí àwọn aṣòfin ṣe kò lè ju òfin ilẹ̀ lọ láti dá a padà. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò sọ pé olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi, wọn kò sì sọ pé kò jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹni tó dájọ́ kò sí ní ipò tó fi lè dá a, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ níwájú adájọ́ mìíràn. Ọdún mẹ́tàlá láti ìgbà tí ẹ̀sùn ti dé. Gbogbo ìwé tí ọwọ́ yẹn kọ, ẹ ronú sí i.

Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo sì tún gbà pé òfin ni. Èmi gbà pé bí NJC bá fẹ́ gbé adájọ́ ga, kí wọ́n kọ́kọ́ bi í pé ẹjọ́ mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti sún mọ́ òpin, kí wọ́n sì jẹ́ kó parí wọn kó tó búra. Oṣù díẹ̀ tí adájọ́ kan fi dúró kò tó ọdún tí ẹlẹ́rìí fi ń padà wá sọ ohun tó ti sọ tán. Bí ibí yìí bá ti le, ẹ tún un kà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá lóye rẹ̀ ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà kò mọ̀.

Ìgbé ayé lẹ́yìn kóòtù ńkọ́? Ẹ̀yin mọ Ìjẹ̀bú. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, gbogbo ayé ń lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹ́ régbérégbé á wọ aṣọ kan náà, ẹni tó bá sì dé ipò ńlá, wọn á fẹ́ ṣe é lóore ní gbangba. Adájọ́ lè bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ gbà fún un láti gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́ tòótọ́ nìkan, bí àṣà ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bùn tí wọ́n bá fún un ní ibi ayẹyẹ ìta gbangba, ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá kó kẹ́ẹ̀kì àti àpò owó wá níwájú èrò, adájọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kí i tayọ̀tayọ̀, ohun tó gbé wá yóò sì gba ọ̀nà kóòtù lọ. Àwọn ará ìlú lè pè é ní agbéraga. Ẹ bá mi ṣàlàyé fún wọn.

Bí adájọ́ bá ṣìwàhù, ta ni yóò mú un? Kì í ṣe ààrẹ nìkan, kì í sì í ṣe gómìnà. NJC ni yóò wádìí, tí yóò dábàá kí wọ́n yọ ọ́, kí ààrẹ tó lè yọ ọ́. Owó oṣù rẹ̀ kò sì gba ọwọ́ olóṣèlú kankan tó lè dá a dúró nítorí ìdájọ́ tí kò dùn mọ́ ọn. Inú àpò owó àpapọ̀ ni òfin ti ní kí wọ́n máa yọ ọ́. Láìsí nǹkan méjì wọ̀nyí, ta ni yóò lè dá ẹjọ́ tí ará Ìbẹfun bá pe ìjọba àpapọ̀? Ṣé ó yé yín pé nítorí ará ìlú ni ààbò yẹn ṣe wà?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, wọ́n tún òfin ilẹ̀ ṣe: gbogbo adájọ́ kóòtù gíga lè fẹ̀yìntì ní ọmọ ọdún 65, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fẹ̀yìntì ní 70. Tẹ́lẹ̀ rí, 65 ni ti ilé ẹjọ́ gíga. Ẹni tó bá ti ṣe é fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ yóò bá owó ọdún tó gbà kẹ́yìn dọ́gba títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ṣì tì: kò ní wọ aṣọ lọ́yà wọ kóòtù mọ́. Ṣùgbọ́n ó lè ṣe onílàjà fún àwọn oníṣòwò tí wọn kò fẹ́ kóòtù, ó lè kọ́ni.

Ẹ̀yin kan ti ń ronú nípa ìyá onígàrí. Ṣé ọmọ rẹ̀ tó ti di adájọ́ lè bá a ṣe òwò náà? Òfin ìwà fún òṣìṣẹ́ ìjọba, tó wà nínú òfin ilẹ̀, kò gbà kó bá ẹnikẹ́ni darí òwò nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló yọ sílẹ̀ fún un: iṣẹ́ àgbẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá sá wálé láti Ṣókótó nígbà ìsinmi kóòtù, ó lè wọ oko bàbá rẹ̀ ní Ìbẹfun, kó gbin ẹ̀gẹ́ títí dé ibi igi ọ̀pẹ, kó wú u, kó sì tà á. Nílọ́ọ̀nù, orúkọ ọjà àti iye tí wọn yóò ta kóńgò kan, ìyá rẹ̀ ni kó máa bójú tó o.